Ẹ Bi Ìyá Kóòṣì: Owó Eré Mọ́ńdè Àjíǹde Dà?

Lẹ́tà tí ẹ kọ ránṣẹ́ lórí eré ìje Mọ́ńdè Àjíǹde pọ̀ débi pé olóòtú wa ní kí n gbé ọ̀rọ̀ orúnkún dídùn tì lóṣù yìí, kí n kọjú sí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, ohun tó jẹ́ nìyí: láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn Kàrẹ́tà, àwọn eléré oníbòjú, máa ń jáde ní Erékùṣù Èkó, kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, àwa ará àdúgbò máa ń sá eré kìlómítà márùn-ún láti gbàgede Campos yí ká, a ó sì padà sí Campos. Owó tí a bá rí níbẹ̀ la fi ń san gbèsè ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọdé tí òbí wọn kò rí i san. Lọ́dún 2026 yìí, ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ni Mọ́ńdè náà bọ́ sí.

Èmi tí mò ń kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Lafiaji ni mò ń gbé. Mo ti ṣe akápò eré náà rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ akápò yẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ lórí rẹ̀.

*Ìyá Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì sá eré yín. A san ₦5,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà, wọ́n fún wa lómi, a sáré, a jó, a lọ sílé. Láti ìgbà náà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ ta lẹ san owó fún? Èló ni? Ṣé kí n tún mú ₦20,000 wá lọ́dún yìí? — Bàbá Ṣadé, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.*

Bàbá Ṣadé, ẹ̀yin lẹ jàre. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ojú tì mí, mo sì tún un kà.

A ka ìṣirò owó lọ́dún tó kọjá o. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ la kà á, lábẹ́ kánópì, ṣùgbọ́n díjéè òpópónà kejì ti tan ẹ̀rọ rẹ̀, ohùn alága kò sì kọjá ìlà àga kẹta. Káádíbọ́ọ̀dù tí a kọ ọ́ sí, tí a kàn mọ́ géètì, òjò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti fọ̀ ọ́ nù kí ọ̀pọ̀ yín tó ti ìdí Kàrẹ́tà dé. Àṣìṣe wa ni, kì í ṣe tiyín. Nítorí náà mo tún un kà níhìn-ín, níbi tí díjéè kò lè dé.

Èèyàn 228 ló san ₦5,000. Ìyẹn jẹ́ ₦1,140,000. Nọ́ńbà àyà àti pínnì tí a fi dè é gba ₦65,000. Omi àti ọsàn, ₦95,000. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn àti nọ́ọ̀sì méjì, ₦90,000. Kánópì, àga àti tábìlì, ₦60,000. Ó ṣẹ́ ku ₦830,000. A fi san gbèsè ọmọ mẹ́rin: ₦310,000 lórí ọmọ tí omi gbígbóná bó, ₦240,000 lórí ìkejì, ₦195,000 lórí ìkẹta, ₦85,000 lórí ìkẹrin. Orúkọ wọn la kì í kà sétí ayé. Ọmọ tó ń ṣàìsàn kì í ṣe pátákó ìpolówó. Rìsíìtì tí ilé ìwòsàn já fún wa wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó lọ bá a, kò ní bínú.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ owó yìí fi máa ń gbóná lára mi ju ọ̀rọ̀ ta ló ṣe ipò kìíní lọ.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe akápò, ₦2,000 lẹnì kan ń san. Igba èèyàn san án, ó di ₦400,000. Inú wa dùn, àfi bíi pé a ti kọ́ ilé ìwòsàn tán. Ìgbìmọ̀ wá ní kí a dá tíṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní eré tí kò ní tíṣẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò mọ̀ pé a sá a? Èmi náà fọwọ́ sí i, n kò ní purọ́. A dá 250, nítorí àwọn tí kò sáré náà fẹ́ẹ́ wọ̀ ọ́: ìyàwó alága, ọmọ ìyá akọ̀wé, àwọn tó jókòó sí tábìlì gíga. ₦1,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦250,000 ti lọ. Díjéè àti ẹ̀rọ rẹ̀ gba ₦60,000. Kánópì, ₦45,000. Omi àti búrẹ́dì, ₦27,000. Ẹ bá mi ṣe é. ₦18,000 ló kù.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ san án. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń gba owó ní ilé ìwòsàn kan ní Erékùṣù níhìn-ín. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọkùnrin kékeré kan lórí itan. Ara ọmọ ti yá láti ọjọ́ mẹ́rin, dókítà ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, ₦61,000 ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo gbé owó wa lé káńtà. Akọ̀wé owó kà á, ó tún un kà, bíi pé ó ń retí kó pọ̀ sí i. Ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, èyí nìkan?"

Kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Tíṣẹ́ẹ̀tì wa ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lẹ́yìn gàdàgbà-gàdàgbà pé "A Ń SÁRÉ NÍTORÍ ỌMỌDÉ". Obìnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn wà lẹ́yìn mi. Ó ka ẹ̀yìn mi. Mo mọ̀ pé ó kà á, nítorí mo gbọ́ tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á fún ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ ọmọ ní ìwé.

Àjọ tí mo dá fún owó ilé ni mo fi dí ìyókù, ₦43,000. N kò sọ ọ́ láti gba ìyìn. Ẹ̀rí ọkàn ló ń lé mi, kì í ṣe àánú. Láti ọdún náà la ti fòfin dè é: owó tí ẹ san kò gbọdọ̀ di aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ tíṣẹ́ẹ̀tì, kó ra á lọ́tọ̀ lọ́wọ́ télọ̀ tó dá a, kó má gba ọwọ́ wa kọjá. Díjéè, ẹni tó bá fẹ́ lù fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, kó wá. Bí kò bá sí, a ó pàtẹ́wọ́.

Ṣé kí ẹ tún mú ₦20,000 wá? Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ nínú eré àánú èyíkéyìí, tiwa tàbí ti ẹlòmíràn, ẹ bi wọ́n ní méjì péré. Kí ni ẹ óò yọ kúrò nínú owó yìí kó tó dé ọwọ́ aláìsàn? Ta ni yóò ka ìṣirò rẹ̀, lọ́jọ́ wo, níbo? Bí wọn kò bá lè dáhùn tààrà, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹ máa sáré yín lọ́fẹ̀ẹ́. Títì kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ní tiwa lọ́dún yìí, a ó kà á kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ti ọdún tó kọjá, nígbà tí gbogbo yín dúró sójú ìlà tí ẹ kò rí ibi sá lọ. Ti ọdún yìí yóò jáde nínú ìwé ìròyìn yìí lóṣù karùn-ún. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Balógun. N kò sáré rí àfi kí n sá fún òjò. Ọmọ mi obìnrin lọ fi orúkọ mi sílẹ̀ fún eré yín láìsọ fún mi. Ààwẹ̀ sì ń bọ̀. Ṣé n ó lè ṣe é àbí mò ń wá ikú kiri? — Alhaja, Ìdúmàgbò.*

Alhaja mi, ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ rin Balógun láti ìgbà èwe, tó ń gbé ìdì àǹkárá gun àtẹ̀gùn, tí ọkọ̀ ẹrù ń lé tó sì ń yẹ̀ ẹ́, ẹ má sọ fún mi pé ẹ kò ṣe eré ìdárayá rí. Ẹsẹ̀ yín ti mọ iṣẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni kò tíì mọ̀.

Ohun àkọ́kọ́, kí ẹ tó ra bàtà rárá: ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bó bá ga, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ohun tí ẹ lè ṣe, kì í ṣe èmi. Bí ẹ bá ń lo oògùn ṣúgà, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ẹ́ gbààwẹ̀, ẹ sì tún fẹ́ẹ́ máa sáré, méjèèjì papọ̀.

Láti ìsinsìnyí títí ààwẹ̀ yóò fi dé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ sá jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún rìn. Kó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ lọ sílé. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ dín ìrìn kù sí mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ ní aago tó ń sọ bí àyà wọn ṣe ń lù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní ohun tó dára jù ú lọ: ọjà níná. Bí ẹ bá ń sá tí ẹ sì lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín ná ọjà láti ₦12,000 sí ₦8,500 láìmí hẹlẹ-hẹlẹ, eré yín dáa. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti gbà fún un ní ₦11,000 nítorí pé èémí kò tó yín sọ̀rọ̀, ẹ dẹsẹ̀.

Lọ́dún yìí, Rámádáánì àti Lẹ́ntì yóò wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan náà nínú oṣù kejì, nítorí náà ìdajì àwọn tó ń sáré wa ló máa wà nínú ààwẹ̀ kan tàbí òmíràn. Ẹ má sáré lọ́sàn-án ààwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìṣínu kọjá, kí oúnjẹ rọlẹ̀, kí ẹ rìn fún ìdajì wákàtí, kó yá díẹ̀, láàrín ilé yín sí mọ́ṣáláṣí, kí ẹ gba ọ̀nà tó jìn. Ẹni tó ń lọ kí àṣámù, ìrun alẹ́ ààwẹ̀, tó sì ń bọ̀ ti rí iṣẹ́ ṣe. Omi ni kí ẹ máa bù mu díẹ̀díẹ̀ láti ìṣínu títí di sààrì. Ẹ má dà á sínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni ń rọ epo. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló máa kù. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ba ara jẹ́: wọ́n á ní àwọn fẹ́ẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì san gbèsè oṣù kan. Gbèsè ẹsẹ̀ kì í ṣe bí a ṣe ń san án nìyẹn. Ẹ padà síbi ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìkan, ẹ dúró síbẹ̀.

Kánfáàsì: ẹ ra á ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kó ku àyè bí ìbú àtàǹpàkò níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Bó bá jẹ́ òkìrìkà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká: ibi ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti ká, kì í ṣe àárín. Èyí tó bá ká láàrín bí ìwé, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Híjáàbù tó fẹ́lẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Bí àyà bá ń ro yín lọ́jọ́ eré, bí ojú bá ń ṣú, tàbí tí otútù bá ń mú yín nínú oòrùn, ẹ dúró, ẹ nawọ́ sókè, nọ́ọ̀sì á dé. Kò sí ẹni tí yóò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì 2016, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe máratọ́ọ̀nù Èkó, láti Ṣùúrùlérè lọ sí Eko Atlantic, ọmọ Kenya kan ló gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo rántí. Obìnrin kan tó ti kọjá ọgọ́ta ni mo rántí, tó gbé kánfáàsì rẹ̀ lọ́wọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, tó ń bá àwọn ọlọ́pàá ṣàwàdà. Ó wọlé. N kò mọ iye wákàtí tó lò, òun náà kò bìkítà.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn Àgùdà inú yín, nítorí pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún. Fréjọ̀n ọjọ́ Jímọ́ Mímọ́ dùn, ẹ̀wà àti omi àgbọn, n kò ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù nínú fìríìjì, tí ẹ gbóná jẹ lálẹ́ Sọ́ńdè, gbogbo àwa tí a dúró lẹ́yìn yín lójú ìlà la máa ń mọ̀.

*Ìyá Kóòṣì, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ bíi pé olè ni wá? Ẹ jẹ́ ká sá a lọ́sàn-án pẹ̀lú àwọn Kàrẹ́tà, ká wọ aṣọ wọn, kí àwọn òǹwòran rí wa. Owó á pọ̀ sí i. — Ọmọ Lafiaji tó ń gbé Yábàá.*

Ọmọ mi, ìwọ ni o máa ń pẹ́ dé, àbí? Lóṣù kẹrin, oòrùn Èkó máa ń yọ ní nǹkan bí aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Bó bá fi máa di ọ̀sán, ooru á ti dé bíi 32 tàbí 33 ní Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ooru nìkan kọ́ ló le. Afẹ́fẹ́ wa kún fún omi ọ̀sà, òógùn kì í tètè gbẹ lára, òógùn tí kò sì gbẹ kì í tu ara, ó kàn ń ṣàn ni. Ara á máa gbóná láti inú. Ẹni tó fi ìbòjú sójú tún ti dí ibi tí ì bá gbà mí. Ọmọkùnrin kan dán an wò nídùnta. Nígbà tó fi dé Marina, ọ̀dà ara ìbòjú náà ti wọ ọ́ lójú, ọwọ́ ni a fi mú un dé ìparí.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀sán kì í ṣe tiwa. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá, pàápàá lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn ẹrú ní Bahia ní 1835, ló mú Kàrẹ́tà wọ Èkó. Ọ̀rọ̀ Potogí tí wọ́n ń pe ìbòjú ló fún un lórúkọ. Lafiaji, Campos, Òkè Pópó, oníkálukú ló ní aṣọ àti ìlù sámbà tirẹ̀. Wọ́n fi oṣù mélòó kan rán aṣọ yẹn. Kí àwa wá fi kánfáàsì gba àárín wọn kọjá? Ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀ yọ̀ǹda títì fún wa di aago mẹ́jọ ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, ti ìlù ni. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Tí o bá tètè dé, wàá rí ohun tí àwọn ará ọ̀sán kì í rí. Tinubu dákẹ́ láàárọ̀ yẹn débi pé o lè gbọ́ bàtà ara rẹ. Wàá kọjá níbi tí Ilé Ìlọ́jọ̀ wà, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956, tí wọ́n sì wó lulẹ̀ ní 2016. Ó ṣì ń bí mi nínú. Mo máa ń yára sí i níbẹ̀. Ní Kakawa, tábìlì omi wa kejì wà nítòsí Ilé Omi ìdílé da Rocha, níbi tí ará Èkó ti ń ra omi láyé àtijọ́. Tiwa lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Píọ̀wọ́tà ni, nítorí náà kọ́ bí a ṣe ń já a: igun kan péré ni kí o fi eyín bù, kí ihò rẹ̀ má ju orí ìṣáná lọ, kí o rọra máa fún un sẹ́nu. Ẹni tó bá já etí rẹ̀ tán, imú ló máa ń mu omi náà. Mú ọ̀rá rẹ̀ dání dé ibi àpò ìdọ̀tí. Gọ́tà Kakawa ti mu tó.

*Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní nǹkan òyìnbó lẹ jí wò. Ṣé òótọ́ ni? — Ẹ̀búté Mẹ́tta.*

Òótọ́ ni pé ní Buffalo, ìpínlẹ̀ New York, wọ́n ti ń sá irú rẹ̀ ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ láti 1896, tí wọ́n sì ń pè é ní eré tòlótòló. Kìlómítà mẹ́jọ ni, àwọn mìíràn a sì wọ aṣọ tòlótòló sá a nínú òtútù. A kò jí i o. Ṣùgbọ́n bí àwọn náà bá ní ọ̀nà tó dáa tí wọ́n fi ń ka ìṣirò owó, kí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́, a ó jí ìyẹn.

*Kí lẹ máa ń fún ẹni tó gbẹ̀yìn? — Ẹni tó ti gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, Ọbáléndé.*

Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ wọ ṣòkòtò aláwọ̀ ewé. Èmi ni mo máa ń rìn lẹ́yìn yín pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fún mi látìgbà tí mo ti gbé àpò owó sílẹ̀ nìyẹn: n kò gbọdọ̀ wọlé kí ẹnikẹ́ni tó wà níta tó wọlé.

Ẹni tó gbẹ̀yìn ń gba ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà mẹ́rin. Alákàrà ẹnu ọ̀nà Campos ló ń fi í tọrẹ, kò wọ inú owó wa. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta lẹ bá nínú abọ́. Ẹ rántí pé ẹ dúró ní igun Igbóṣeré, ẹ ń gba ìpè lórí fóònù, ẹ ní kí n máa lọ níwájú, ẹ ń bọ̀? Mo lọ. Ebi ń pa mí. Èmi ni mo jẹ ìkẹrin, mo sì jẹ yín ní ọ̀kan.